Ọwọ́ Súwébátù Kò Kan Etí

Ní ọjọ́ tí a bá ń gba ọmọ tuntun, abẹ́ igi furúùtù tó wà níwájú ilé-ìwé wa ní Ajah ni a máa ń gbé tábìlì sí. Èmi a jókòó pẹ̀lú ìwé orúkọ, hẹdimásítà a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn òbí a sì tò pẹ̀lú ọmọ wọn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó bá kàn, hẹdimásítà a ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kó gbà á kọjá lórí, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ní àwọn abúlé etí ọ̀sà nígbà náà, ìwọ̀nba ọmọ ló ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, nítorí náà ọwọ́ àti etí ni a fi ń mọ ẹni tó ti pé ọdún mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé yìí ni wọ́n wọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọbìnrin kan wà lórí ìlà tó ga ju gbogbo àwọn ọmọ yòókù lọ. Súwébátù ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, apẹja kan láti Badore, ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Ibà kan ló kọ lù ú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Láti ìgbà náà ni apá rẹ̀ méjèèjì ti le, ìgúnpá rẹ̀ kò nà, ìka rẹ̀ sì ká mọ́ra wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè ga ju àyà lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ti àwa àgbà lọ.

Hẹdimásítà wò ó tán, ó ní, "Gbé ọwọ́ sókè."

Súwébátù gbìyànjú. "Ibi tó ń dé náà rèé, sà. Èṣí náà, ibẹ̀ náà ló dé."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Hẹdimásítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ kò kan etí, kí wọ́n mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí yóò sọ gbólóhùn yìí fún ọmọ kan náà, ọmọ tó ti ga dé èjìká òun fúnra rẹ̀.

Bàbá Súwébátù ṣí fìlà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rò pé apá yìí ṣì máa gùn sí i ni?"

"Òfin ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú."

Inú bí mi gidigidi lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe nítorí ọmọ tí wọ́n dá padà nìkan. Lẹ́yìn ibi tí a jókòó sí gan-an, ní ìpẹ̀kun ilé gígùn ilé-ìwé wa, yàrá kan wà tí ìjọba ní kí a ṣí fún irú ọmọ bí i Súwébátù. Èmi ni olùkọ́ yàrá náà.

Lẹ́yìn tí ìjọba kéde pé ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ ni àṣẹ wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé kí ilé-ìwé wa ní kíláàsì àkànṣe fún àwọn ọmọ abirùn. Hẹdimásítà yan yàrá tí a ń kó àpò sìmẹ́ńtì àti bẹ́ǹṣì tó ti ṣẹ́ sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò kọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ tó kàwé jù mí lọ ní àwọn kò lè ṣe é. Ọ̀kan sọ gbangba pé òun lóyún, òun kò sì fẹ́ máa wo irú ojú bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Èmi jáde girama, n kò dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìyẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní èmi ni yóò ṣe é. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àti ìgbálẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ni Ìyáàfin Ṣódípọ̀, àgbà olùkọ́ kan tí ọ́fíìsì ń rán láti Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti bẹ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ wò. Ojú ọ̀nà iyanrìn ni ọ̀nà wa nígbà náà. Ìgbà tó bá fi máa dé, eruku a ti kùn ún lójú bí àtíkè. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó bá mi níbi tí mo ti ń kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe sínú ìwé. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi.

"Àbúrò, ohun tí wọn kò lè ṣe, gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ fún wọn. Wá èyí tí wọ́n lè ṣe. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀nà tó gbà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, òun náà ni mo sì ń bá lọ títí di òní. Ó kọ́ mi pé bí mo bá ń bá ọmọ tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀, kí n má kọ ẹ̀yìn sí i láti máa bá pátákó sọ̀rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì bọ́ sí ojú tèmi, kì í ṣe ojú tirẹ̀. Ó kọ́ mi láti da iyanrìn etí òkun kún inú àwo igi pẹlẹbẹ kan, kí ọmọ tí ìka rẹ̀ kò le máa fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kọ lẹ́tà sínú rẹ̀. Fún àwọn tó ń rá, ó ní kí n lọ bá bọkanáísà ní Ajah, kó gé táyà tó ti gbó sí ìwọ̀n orúnkún. Bọkanáísà náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń kàwé. Mo ní kó wá wò ó. Ó wá, ó dúró lójú fèrèsé títí a fi ka ábídí tán, ó sì lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń fi táyà pamọ́ dè wá.

Ohun tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ sí wa yàtọ̀. Mo ti kọ̀wé béèrè kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn àti àga tó ní apá. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ọkọ̀ kan gbé àpótí igi kan wá. A ṣí i, ẹ̀rọ tí àwọn tí kò ríran fi ń kọ̀wé ló wà nínú rẹ̀, tuntun, ó ń dán. Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì mi tí kò ríran. Akọ̀wé ilé-ìwé wa rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí òun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ló dé. Ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó ki bébà sí i, ó sì tẹ lẹ́tà gígùn kan fún hẹdimásítà. Ìgbà tó fà á yọ, kò sí dúdú kan lójú bébà náà, kìkì kókó kéékèèké. Ó lọ wá yíǹkì. Títí tí akọ̀wé yẹn fi fẹ̀yìn tì, ó gbà pé ọ́fíìsì ló yọ yíǹkì inú ẹ̀rọ náà tà.

A fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ náà fún ilé-ìwé tó nílò rẹ̀, kí wọ́n sì fún wa ní kẹ̀kẹ́, wọ́n dá mi lóhùn pé a ti fún wa ní ìpín tiwa. Àwọn ọmọ mi ń rá gun àtẹ̀gùn lọ láàárọ̀ pẹ̀lú táyà lórúnkún. Mo bẹ hẹdimásítà pé kí a fi yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà. Ó ní yóò ba ojú ilé-ìwé jẹ́.

Mo fẹ́ kó yé ènìyàn pé hẹdimásítà yìí kì í ṣe ìkà. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra ṣọ́ọ̀kì nígbà tí ìjọba kò bá rán an. Ó mọ ìṣirò í kọ́ débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fi ìka kà. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ènìyàn dáadáa ni, ó ń dúró níwájú ọmọ tí apá rẹ̀ kò nà, ó sì ń ní kó na apá. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí n kò lè gba Súwébátù tààrà sínú kíláàsì mi, ó ní kíláàsì àkànṣe wà fún ọmọ ilé-ìwé nìkan. Ẹni tí a kò tíì gbà sí ilé-ìwé kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Ọwọ́ àti etí ni a sì fi ń gbà wọ́n. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ tàbí etí tàbí ìka tàbí ọ̀rọ̀ sísọ ló ń dà wọ́n láàmú. Apá tiwọn nà. Ìdí tí wọ́n fi wọlé nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún Ìyáàfin Ṣódípọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dá lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ bá hẹdimásítà, ó ní kó fi òfin náà han òun. Hẹdimásítà ní ọ́fíìsì ló ṣe é. Ìyáàfin Ṣódípọ̀ dé ọ́fíìsì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gbígba ọmọ, ọwọ́ hẹdimásítà ló wà. Ó tún padà wá. Kò sí ẹni tó rí ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí. Níkẹyìn ló wá bi hẹdimásítà pé ta gan-an ló ṣe òfin yìí.

Hẹdimásítà ní, "Mà, bí wọ́n ṣe gba èmi náà nìyẹn."

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá Súwébátù padà lẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ lé wọn dé etí omi. Bàbá rẹ̀ kò tíì tú ọkọ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọkọ̀ náà, ọmọ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ gbá omi. Ó sọ fún mi pé ìbátan ìyá ọmọ náà kan wà ní Èkó tó ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọdún tó kọjá pé kí wọ́n fún òun ní Súwébátù. Ìbátan náà ní òun yóò máa gbé e jókòó sí iwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ti rí apá yẹn, àánú yóò ṣe wọ́n. Ìyá ọmọ ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí ilé-ìwé kò bá gbà á, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe?

Bàbá náà ní, "Tíṣà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn, n kò tún ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́."

Súwébátù ń gbọ́. Ó ní, "Bàbá, mo lè ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ àwọn ará Langbasa láti òkèèrè. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn."

Mo ní kí ó máa mú un wá láti ọjọ́ Ajé. N kò láṣẹ láti fi í sínú kíláàsì, nítorí náà mo gbé bẹ́ǹṣì kan sí ìta, lábẹ́ fèrèsé mi. Súwébátù jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí a ń ṣe nínú ilé, ó sì ń dáhùn láti ìta kí àwọn tó wà nínú ilé tó ronú. Ìṣòro wa ni kíkọ. Mo fi rọ́bà inú táyà so pẹ́ńsù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń yọ. Mo fi aṣọ so ó, ó ń yí. Bàbá rẹ̀ wò wá títí, ó sì lọ. Nígbà tó padà wá, ó mú ọ̀kan lára igi fífúyẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè léfòó. Ó ti gbẹ́ ẹ kó bá ihò ọwọ́ ọmọ náà mu bó ṣe ká mọ́ra, ó sì lu ihò láàárín rẹ̀ fún pẹ́ńsù. Súwébátù di í mú. Kò yọ, kò yí. Láti èjìká ló ti ń kọ ọ́, gbogbo ara ló fi ń kọ ọ́, lẹ́tà kan a gba ojú bébà kan tán. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́.

Kò tó ìdajì ọdún tí hẹdimásítà fi rìn dé ẹ̀yìn ilé. Ó bá a níbi tó ti ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó bi mí pé ta ni èyí. Mo ní Súwébátù ni.

"Mísì, mo mọ orúkọ ẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé ibo ni?"

"Ó ń kàwé níbí, sà."

"Kò sí nínú ìwé orúkọ. Bí aláyẹ̀wò bá dé lónìí, tí ó bi mí léèrè ọmọ yìí, kí ni mo fẹ́ wí?"

N kì í ṣe ẹni tí ń gbóhùn sókè, n kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ sọ fún un pé apá rẹ̀ le, ẹ̀yin sì ń dúró kó rọ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n má fi òun ṣeré. Ó ní kí ọmọ náà máa lọ sílé kí ó tó di ọ̀la, kí bẹ́ǹṣì sì padà sínú ilé. Bẹ́ǹṣì padà. Súwébátù náà padà sí Badore. Mo fún un ní ìdì bébà kan, bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé ohun tó bá kọ wá fún mi láti wò, pẹ̀lú ẹja, nígbà tó bá wá sí ọjà. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá rántí pé ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ mi tó ní kí n kọ́ irú ọmọ yẹn, tí ìjọba sì ń san owó oṣù fún mi láti kọ́ ọ, tí ọmọ náà sì ń fi ọkọ̀ ẹja rán iṣẹ́ ilé-ìwé sí mi bí ẹni ń ṣe fàyàwọ́, inú mi kì í rọ̀.

Ọjọ́ ìgbọmọwọlé tún pé. Wọ́n dé. Ìyá Súwébátù bá wọn wá lọ́tẹ̀ yìí, ìbátan rẹ̀ ti Èkó sì dúró lábẹ́ òjìji lọ́hùn-ún pẹ̀lú ẹrù ọmọ náà nínú báàgì. Nígbà tí mo rí báàgì yẹn, mo mọ̀ pé láti ibi tábìlì wa ni wọn yóò ti mú un lọ.

Ìlà náà gùn. Ìyá kan wà lẹ́yìn wọn tí ọmọ rẹ̀ ti gbé ọwọ́ sórí láti ẹnu ọ̀nà, kó má bàa gbàgbé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ó kan Súwébátù. Hẹdimásítà kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ sókè."

Bàbá rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró lẹ́yìn ọmọ náà, ó na apá tirẹ̀, ó gbà á kọjá lórí ọmọ, ó sì fi ìka di etí òsì ọmọ náà mú.

Ó ní, "Ó ti kàn án."

"Bàbá, ọwọ́ ọmọ ni mo ní."

"Ọwọ́ rẹ̀ nìyí, Ọ̀gá. Òun ló fi ń jẹun. Òun ló fi ń wẹ̀, òun ló fi ń wọṣọ láti ọjọ́ tí ibà yẹn ti fi í sílẹ̀. Kò ní òmíràn. Ẹ wò ó, ó kan etí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Hẹdimásítà ní kí ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́yìn wọn wo ọmọ tirẹ̀ tó ti di etí mú, ó sì gbá ọwọ́ ọmọ náà wálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kọ orúkọ ọmọ yẹn kí ẹ tó wọn tèmi."

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà fa ọwọ́ ọmọ tirẹ̀ wálẹ̀. Bàbá kan tó jẹ́ bíríkìlà ní bí wọ́n kò bá kọ ọ́, òun ń mú tòun lọ sílé-ìwé Awoyaya, bó ti wù kó jìn tó. Mo ń wo ìlà náà. Ọwọ́ ń wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ẹnu ọ̀nà. Hẹdimásítà náà ń wò ó. Ó mọ̀, mo sì mọ̀, pé bí kíláàsì kìíní bá ṣófo, ọ́fíìsì yóò bi í léèrè. Ohun tó mú un gbà nìyẹn, n kò ní purọ́ pé àánú ni.

Ó yíjú sí mi. "Mísì, kí lẹ ń retí?"

Bírò mi ti wà lórí ìwé. Mo ní, "Àṣẹ yín ni, sà."

"Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọdún mẹ́fà sí i."

"Ọdún mẹ́wàá ni, sà."

Ó ní kí n kọ ohun tó bá wù mí, ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mo kọ mẹ́wàá. Bàbá Súwébátù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi etí rẹ̀ sílẹ̀; ó ti pọ́n. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ẹ̀ já a." Ìyá rẹ̀ lọ gba báàgì lábẹ́ òjìji. Àwọn ọmọ yòókù lọ́jọ́ náà, n kò wọn ẹnìkan. Mo bi wọ́n ní orúkọ, mo bi ìyá wọn ní ọjọ́ orí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, hẹdimásítà tún padà sí ọwọ́ àti etí fún gbogbo ọmọ tó kù. Àwọn abirùn nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi. Kò sí lẹ́tà kankan tó wá láti ibikíbi pé kí a jáwọ́. Súwébátù jáde ìwé mẹ́fà láàárín àwọn ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin jù lọ, igi àwọ̀n bàbá rẹ̀ ló sì fi kọ ìdánwò. Ó ń bá àwọn apẹja Badore kọ̀wé báyìí, ó ń bá wọn ka èyí tí wọ́n bá rí gbà. Ọdún mẹ́rin yẹn, kò sẹ́ni tó dá a padà fún un.

Kì í ṣe òun ni mo sì ń rò jù. Bàbá tirẹ̀ mú un wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo máa ń rò nípa àwọn ọmọ tí wọ́n mú wá lẹ́ẹ̀kan, tí ọwọ́ wọn kò kan etí, tí àwọn òbí wọn gbà pé ilé-ìwé ti sọ̀rọ̀ tán, tí a kò sì rí mọ́. N kò mọ orúkọ wọn. Kò sí ẹni tó ní kí n kọ ọ́.

Hẹdimásítà yẹn ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ń bójú tó tábìlì báyìí, abẹ́ igi furúùtù kan náà. Lọ́jọ́ ìgbọmọwọlé tó kọjá, olùkọ́ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá bá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ àkọ́kọ́ bọ́ síwájú. Kí n tó gbé ojú sókè, olùkọ́ náà ti di ọwọ́ ọmọ mú, ó ti ń gbé e lọ sórí. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, "Mà, bí wọ́n ṣe gba èmi náà nìyẹn."

Mo gbá ọwọ́ ọmọ náà mú, mo sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí tábìlì. Mo ti bírò sọ́wọ́ olùkọ́ náà.

Mo ní, "Bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, ohunkóhun tí ì báà ṣe é."